Páálí Oògùn Ìyá Mi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin kan, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ní Yunifásítì Abomey-Calavi, fi ìwé ìwádìí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n bá a tún èdè inú rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó fẹ́ sọ pọ̀: bí ilé-ìwòsàn ṣe ń tọ́jú aláìsàn, àti bí àwọn oníṣòwò ṣe ń di ọjà wọn. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ọ̀nà méjèèjì kò pàdé, kí ó mú ọ̀kan. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ pé: «Tonton, èwo ni kí n mú?» Mo gbé gègé sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọkàn mi lọ.

Ní Oko-Akarè, lábẹ́ Adja-Ouèrè wa, àgbàlagbà tí kò mọ ẹ̀kọ ìyá mi kò pọ̀. Ó tà á fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ewé ni ó fi ń pọ́n ọn, ó sì ní bí ó ṣe ń ṣẹ́ etí ewé náà wọlé tí ti ẹlòmíràn kì í jọ ọ́. Bí a bá kó ẹ̀kọ obìnrin mẹ́rin sínú agbọ̀n kan ṣoṣo lọ́jà Ikpinlè, oníbàárà rẹ̀ yóò na ọwọ́ mú tirẹ̀ láìbéèrè. Kò lọ sí ilé-ìwé rí. Ara ewé ni ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Obìnrin yìí ni mo gbé lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí orí fífọ́ kò jẹ́ kí ó sùn mọ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí ẹ̀sùn kọ́ ni mo wá fi sùn. A dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó rí dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pẹ̀lú àtọ̀gbẹ. Dókítà náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Faransé ni ó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi ni ó sì kọjú sí. Ìyá mi jókòó láàrin wa bí ẹrù tí a fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó bi mí pé, «Kí ni ó wí?» Mo ní, «Ó ní kí ẹ máa lo oògùn méjì, Ìyá.» Ọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi gbólóhùn kan túmọ̀, èmi tí mo máa ń yọ máàkì lára iṣẹ́ ọmọ tí kò bá túmọ̀ ohun tó kà délẹ̀.

A ra oògùn oṣù mẹ́ta ní fámásì. Páálí rẹ̀ pọ̀, zémidjan ni a ó gùn padà, òjò sì ti ń ṣú. Mo bá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fámásì: mo ju páálí nù, mo ju bébà àlàyé inú rẹ̀ nù, mo kó káàdì oògùn nìkan sínú àpò. Nígbà tí a délé, mo fi àlùmọ́gàjí gé àwọn káàdì náà sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n lè wọ inú agolo mílíìkì kan tí mo ti fọ̀ dáadáa. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn wọn wá di ègé lẹ́tà kéékèèké. Oògùn méjèèjì funfun, méjèèjì rí róbótó. Mo fi ìka tọ́ka sí wọn fún un: èyí láàárọ̀ nìkan, èyí láàárọ̀ àti lálẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ. Ó mi orí. Mo padà sí Pobè lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé.

Ní ọjọ́ kọkànlá wọ́n pè mí. Ìyá mi ti ṣubú lẹ́bàá ààrò, omi ẹ̀kọ gbígbóná sì ta sí i lápá. Ká ní ìkòkò náà dà lé e lórí ni, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa kọ lónìí. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti àtọ̀gbẹ ni ó ń lò lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo bi í léèrè, kò bínú. Ó ní, «Ọmọ mi, ìwọ lo bọ́ aṣọ lára wọn. Báwo ni n óò ṣe dá wọn mọ̀ níhòòhò?»

Nítorí náà, ìwé ọmọ yìí kì í ṣe ohun àjèjì sí mi. Ní orí kìíní, ó sọ̀rọ̀ Avedis Donabedian, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Beirut tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ ọ́ ní 1966 pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yẹ ìtọ́jú aláìsàn wò: ohun tí ilé-ìwòsàn ní, ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde lára aláìsàn. Ní orí kejì, ó mẹ́nu kan James Pilditch, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó pe páálí ọjà ní ọlọ́jà tí kì í sọ̀rọ̀, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1961. Mo ro ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì títí. Ilé-ìwòsàn tí mo gbé ìyá mi lọ ní dókítà, ó ní irin-iṣẹ́, oògùn tí wọ́n kọ sì ni oògùn tó yẹ. Ibo ni nǹkan ti wá bàjẹ́? Láàrin ẹnu ọ̀nà fámásì àti agolo mílíìkì ni. Nọ́ọ̀sì kankan kò bá wa délé. Páálí yẹn nìkan ni wọ́n rán tẹ̀lé wa, èmi ni mo sì lé e padà lójú ọ̀nà.

Mo sọ ìtàn kan fún ọmọ náà tí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí i, ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Illinois, David Wagner lórúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ́yìn ọmọ kẹrin, ṣùgbọ́n ní alaalẹ́ ni àríyànjiyàn ń ṣẹlẹ̀: ṣé ó ti lò ó àbí kò tíì lò ó? Ọkọ kọ orúkọ ọjọ́ sórí bébà, ó to oògùn lé e. Nígbà tó yá, nǹkan kan bọ́ lù ú, oògùn fọ́n ká. Ó wá fi ike ṣe àpótí róbótó tó ń fi ọjọ́ hàn, ó sì béèrè ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ lórí rẹ̀ ní 1962. Oògùn inú rẹ̀ kò yí padà rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀tẹ̀. Oògùn rẹ̀, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1995, inú káàdì ọjọ́ 28 ni ó wà: èyí tí aláìsàn yóò lò lẹ́ẹ̀kan lóṣù lójú òṣìṣẹ́ ìlera wà lápá kan, ti ojoojúmọ́ wà lápá kejì. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fi ìka ka ọjọ́ tó kù.

Àwa olùkọ́ fẹ́ràn láti máa bá ọmọ wí nípa oògùn orí àwo tí wọ́n ń tà ní hóró kọ̀ọ̀kan lọ́jà. Mo ti sọ fún kíláàsì mi nípa ìpè tí Jacques Chirac ṣe ní Cotonou ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2009 lòdì sí ayédèrú oògùn, àti bí àwọn agbófinró ṣe ya wọ Adjégounlè ní oṣù kejì 2017. Mo ń sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìgbéraga. Ṣùgbọ́n agolo tí mo tò fún ìyá mi, kí ni ó fi yàtọ̀ sí àwo yẹn? Lóòótọ́, páálí tó dára kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun inú rẹ̀ dára, ayédèrú náà mọ aṣọ wọ̀. Ohun mìíràn sì tún ń dùn mí: páálí tó ti Cotonou wá, Faransé ni wọ́n kọ sí i, èyí tó gba ẹnubodè Nàìjíríà wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni. N kò tíì rí èyí tó bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó tún un ṣe. Láti ìgbà tó ti ṣubú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju páálí nù mọ́. Páálí oògùn àárọ̀ nìkan, ó so òwú funfun mọ́ ọn. Páálí oògùn àárọ̀ àti alẹ́, ó so òwú funfun àti òwú dúdú mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, fámásì fún wa ní oògùn kan náà láti ilé-iṣẹ́ mìíràn, àwọ̀ páálí sì yàtọ̀. Kò fọwọ́ kàn án títí mo fi pe ẹni tó tà á fún wa, tí ẹni náà sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní èdè Nàgó. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó bi í. N kò bi í ní ọ̀kan rí.

Mo kọ̀wé sí ọmọ àbúrò mi pé kí ó má tíì mú ọ̀kan, kí ó kọ́kọ́ wá sí Oko-Akarè. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ìwé àti bíìkì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó sì jókòó tì í lórí ẹní. Ìyá mi gbé páálí méjèèjì fún un, ó yí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá ní, «Ẹni tó ń yan àwọ̀ páálí yìí, ṣé ó ti bá arúgbó kan jókòó rí?»

Ọmọ náà kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ó ní òun yóò gbé e lọ fún olùkọ́ òun.