Àga tí a rà fún Bàbá ló gba oorun lójú wọn

Ọ̀rọ̀ oorun la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ara mi ni mo máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Bàbá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan lágbègbè Ọba Akran, n'Ìkẹjà. Orílé-Agége là ń gbé nígbà yẹn, ibẹ̀ náà la sì wà dòní. Láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi rìn dé ibi iṣẹ́, àwọn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ réluwéè láàárọ̀ kùtù. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n jẹ ẹ̀bà tán, kí á tó palẹ̀ àwo mọ́, wọ́n ti ń hanrun. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni o, ariwo ilé búrẹ́dì tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lẹ́yìnkùlé wa ni o, kò sí èyí tó kàn wọ́n.

Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Lọ́dún 2022, àwa ọmọ panu pọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí Bàbá wá jókòó sinmi. A ra àga tìmùtìmù ńlá kan fún wọn, a sì gbé tẹlifíṣàn síwájú ẹ. A ń fi yangàn láàárín ẹbí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí Bàbá ò fi rí oorun sùn mọ́. Wọ́n á tòògbé lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á tún tòògbé nígbà tí ìròyìn bá ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá di aago kan òru, ìró sálúbàtà wọn lẹ máa gbọ́ ní pálọ̀.

Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe? Mo ra Piriton, hóró méjì-méjì lálaalẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ó pọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oorun wá lóòótọ́, àmọ́ lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n dìde pé àwọn fẹ́ẹ́ lọ tọ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ òsì wọn sì dá. Dókítà tó fi POP dì í fún wọn béèrè oògùn tí wọ́n ń lò. Nígbà tí mo dá a lóhùn, aṣọ iṣẹ́ ọrùn mi ló ń wò, kò sọ nǹkan kan. Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe wò ó.

Oògùn ara yíyún àti ọ̀fìnkìn ni Piriton, kì í ṣe oògùn oorun. Nínú ara àgbàlagbà, ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò, ó lè fa òòyì, ó lè da ọpọlọ rú díẹ̀, ó sì lè dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí prostate ẹ̀ ti wú. Valium àti Lexotan táwọn kan ń rà ní kẹ́mísìtì láìsí ìwé dókítà, àwọn náà máa ń gbé àgbà ṣubú.

Dókítà yẹn wá bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, kí ni Bàbá ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?” Mo ní wọ́n ń sinmi. Ó ní ìsinmi yẹn gan-an ló ń bá wọn jà.

Bó ṣe rí nìyí. Láti ìgbà téèyàn bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kó jọ nínú ọpọlọ, òun ló ń mú kí oorun kunni. Oògbé ọ̀sán tó bá ti gùn jù á ti dín in kù kí ilẹ̀ tó ṣú. Rínrìn dáadáa máa ń jẹ́ kí oorun jinlẹ̀, ó ń dín àròjinlẹ̀ kù, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ téèyàn bá sì rí níta ló ń tún agogo inú ara tò. Lọ́dún 1997, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èèyàn 43 jáde, àwọn tó wà láàárín ẹni ọdún 50 sí 76, tí wọn kì í ṣe eré ìdárayá, tí wọn kì í sì í sùn dáadáa. Àwọn tí wọ́n fi sẹ́nu ìrìn kánmọ́kánmọ́ àti eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 16 tètè ń sùn lọ ju àwọn yòókù lọ, oorun wọn sì gùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ 16 ni mo sọ o, kì í ṣe ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tú POP ọwọ́ Bàbá lọ́dún 2023, a bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, a ó rìn gba iwájú pápá ìṣeré Agége, nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ò tíì pọ̀ lójú títì, a ó sì padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi bẹ̀rẹ̀, a wá ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí tó fi pé ọgbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ kìíní, asán. Ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá ní, “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, oorun ò wá.” Mo bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn bí oṣù kan ààbọ̀, Màmá mi ló wá fẹjọ́ sùn pé híhanrun Bàbá ò jẹ́ káwọn sùn mọ́. (Ẹni tó bá ń hanrun, tí èémí ẹ̀ ń dúró lójijì, tó tún ń sùn kiri lọ́sàn-án, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ìyẹn kọjá ọ̀rọ̀ ìrìn.)

Àwọn kan á ní iṣẹ́ táwọn ń ṣe ti tó eré ìdárayá. Ẹni tó ń gbé ẹrù nílé iṣẹ́ l'Ágídíngbí, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ẹ́ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó jókòó ti ọjà ẹ̀ ní Pen Cinema látàárọ̀, tó tún jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dalẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ara ẹ̀ ò tíì ṣiṣẹ́. Ìlànà tí àjọ WHO gbé jáde lọ́dún 2020 ni pé kéèyàn máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí ẹ rìn débi tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò lè kọrin. Ẹni tí àyà ń dùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ ò tíì wálẹ̀, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, gọ́tà tó là sílẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa.

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ń ṣiṣẹ́ òru, tó bá dé láàárọ̀, ẹ má rán an níṣẹ́ kiri nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa lé oorun lọ. Kó wọlé, kó fa kọ́tìnnì, kó sùn, kó wá rìn nígbà tó bá jí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, ó dáa kó ku bíi wákàtí kan sí àsìkò ibùsùn kí wọ́n tó jáwọ́. Ẹni tó sì ń jẹ obì nírọ̀lẹ́, tó wá ní òun ò rí oorun sùn, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Ẹni tó bá ti ń lo Valium tàbí Lexotan tipẹ́, kó má dá a dúró lójijì o, ewu ńlá ni, dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ní ti Piriton tó ṣẹ́ kù sílé wa, èmi fúnra mi ni mo kó o kúrò lórí fìríìjì.