Ẹ Kùn Ún Nínú, Ẹ Kùn Ún Lóde

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, púpọ̀ nínú yín ló mọ ọkọ̀ ìdáná wa, tírélà kékeré tí a máa ń so mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ìjọ nígbà tí a bá ń lọ sí àgọ́ tàbí ìwàásù abúlé. Ẹ ti jẹ ìrẹsì ibẹ̀ rí. Ohun tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Inú àwòrán ni mo ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi ọwọ́ ara wọn kan irú tírélà bẹ́ẹ̀. Ó rí bí ẹ̀kán omijé: iwájú rẹ̀ ṣe rogodo, ẹ̀yìn rẹ̀ rọra dà sílẹ̀. Wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí o bá gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè, ilé ìdáná lo máa rí, sítóòfù àti abọ́ àti oúnjẹ. Ilẹ̀kùn tí a gbé sókè á tún di ìbòòji fún alásè. Mo ní, "Èyí gan-an la nílò." Àwa ò ṣe ibi ìsùn sí tiwa, ìdáná nìkan ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ wẹ́dà nínú ìjọ wa ló jó férémù irin rẹ̀. Èmi tí mo mọ iṣẹ́ igi díẹ̀, mo ní n óò ṣe ilẹ̀kùn fúnra mi. Mo kan pláíwúùdù, mo fi páànù bò ó. Mo ra híńjì gígùn kan, àti ọ̀pá gáàsì méjì tí wọ́n tú lára bọ́ọ̀tù Golf àlòkù, ní Panteka. Mo fi rọ́bà ilẹ̀kùn mọ́tò yí etí rẹ̀ ká. Lọ́jọ́ tí mo tì í, tó sì wọlé wẹ́kú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Bàbá kápẹ́ńtà wa, tí ó jẹ́ alàgbà, náà wá wò ó. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ṣé ẹ fi gọ́ọ̀mù sínú ihò súkúrù yìí kí ẹ tó dè é?"

Mo ní, "Bàbá, mo ti fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo òde ẹ̀."

Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Oṣù kẹjọ dé, a kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́. Ẹ mọ òjò Kàdúná lóṣù kẹjọ. Ó rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí àwọn ìyá tó ń dáná gbé ilẹ̀kùn sókè láàárọ̀, gàárì ti wú, sẹ̀mó ti di ẹ̀kọ nínú àpò. Búrẹ́dì tí a sáré rà lójú títì ni àwọn ọmọ jẹ títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, ẹnì kan ní, "Ó dà bíi pé férémù ló wọ́. Ọmọ yẹn kánjú jù." Gbogbo wọn wò mí. Ẹ̀yin ará, mo dákẹ́. N kò purọ́, mo kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́ mi sì di ẹ̀rí. A dá owó iṣẹ́ rẹ̀ tó kù dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ náà kò fi wá sí ìsìn.

Lẹ́yìn náà ni mo ń múra Ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí Jẹ́nẹ́sísì orí kẹfà. Mo dé ibi tí Ọlọ́run ti sọ fún Nóà pé kí ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà nínú àti lóde. N kò lè kọjá ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wọ inú tírélà, mo ní kí ọmọ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, kí ó máa da omi sí i láti ìsàlẹ̀, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí n lè mọ ibi tí omi ti ń wọlé gan-an. Ìsàlẹ̀ gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbẹ. Férémù ọmọ náà kò ní àléébù kankan. Àfi ìgbà tí omi dé òkè, níbi híńjì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí mi lórí. Ihò súkúrù tí mo fi ọwọ́ ara mi lu ni. Igi inú tí n kò kùn sì ń fa omi mu bíi kànrìnkàn.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé láti àgọ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Pásítọ̀, ta ló máa gba tèmi gbọ́ tí ẹ̀yin ò bá sọ nǹkan kan?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo tọrọ àforíjì.

Bàbá, òun àti èmi la jọ tún un ṣe. A tú gbogbo súkúrù, a fi gọ́ọ̀mù kún ojú ihò kọ̀ọ̀kan kí a tó dá a padà. A kun igi inú. A gé túùbù àlòkù láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà, a fi bo híńjì láti etí òrùlé bí ẹní dé fìlà fún un. Ọmọ náà jó ọ̀nà omi kékeré yí ẹnu ìlẹ̀kùn ká nínú, kí omi tó bá ráyè wọlé lè ṣàn jáde sílẹ̀. Gbogbo òjò oṣù kẹsàn-án lu ú, inú rẹ̀ gbẹ táútáú.

Ìgbìmọ̀ ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi, a sì ti san owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ pé ó ba iṣẹ́ jẹ́ pọ̀ ju ìgbìmọ̀ lọ, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí. Òde mi dán lójú yín, ẹ̀yin ará, inú ló ń jò. Ẹ bá mi yẹ tiyín náà wò.

Tí ẹ bá rí ọmọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kí i kú iṣẹ́. Kí Olúwa kùn wá nínú àti lóde. Àmín.