Ìgò Lo Máa Ṣà

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ta ni nínú wa tí kò tíì fi ìgò ṣíṣà halẹ̀ mọ́ ọmọ rí? Ọmọ pa ìwé tì, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Bí o ò bá kàwé, ìgò lo máa ṣà." Wọ́n sọ ọ́ fún àwa náà. A ò fi ṣe èébú. A fẹ́ kí ọmọ ní láárí ni. Ṣùgbọ́n ọmọ máa ń gbọ́ ju ohun tí a sọ lọ. Ó gbọ́ pé ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ìlú kúrò nílẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn láwùjọ, pé ẹni tó da ìdọ̀tí náà sílẹ̀, bó bá ṣáà ti kàwé, èèyàn gidi ni.

Ẹ wo Achenyo Idachaba. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí ni, Ígálà ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe l'Amẹ́ríkà kó tó padà sílé. Ó rí èpò tó bo ojú omi ní irú ibi bíi Bayeku ní Ìkòròdú, tí ọkọ̀ ojú omi ò fi rí ọ̀nà kọjá, tí apẹja ò rí ẹja pa. Ní 2011 ó dá iléeṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ n'Íbàdàn: wọ́n ń gé èpò náà, wọ́n ń sá igi rẹ̀ sóòrùn, wọ́n ń fi lọ́ okùn, wọ́n ń fi okùn hun agbọ̀n àti oríṣiríṣi ohun èlò ilé tí wọ́n ń tà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ará etí omi níṣẹ́ náà. Ní 2014 ó gba ẹ̀bùn Cartier tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin oníṣòwò. Málàmù kan ní Sábo n'Íbàdàn ló kọ́ ọ ní okùn lílọ́. Málàmù ò gbọ́ Òyìnbó, òun náà ò gbọ́ Hausa. Àwọn ọmọdé ló ń ṣe ògbifọ̀ fún wọn. Mo máa ń ronú nípa àwọn ọmọ yẹn, ohun tójú wọn rí: obìnrin tó ti òkè òkun dé, tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ Málàmù.

Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tiwa ló kọ̀wé láti Amẹ́ríkà pé òun ń bọ̀ wá fi èpò hun agbọ̀n ńkọ́? Ẹ má dá mi lóhùn. Ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ kejì ni, a ó sì wá ẹni tó máa gbàdúrà.

Láyé àwọn ìyá wa, èèpo iṣu jẹ́ ti ewúrẹ́, eérú jẹ́ ti ọṣẹ, ewé ni wọ́n fi ń di ẹ̀kọ. Ká má parọ́ ṣá, kì í ṣe pé wọ́n mọ́ jù wá lọ. Ọ̀rá ni kò tíì dé. Ṣùgbọ́n wọ́n lójú tí wọ́n fi ń rí iṣẹ́ nínú ohun tí ẹlòmíràn rò pé ó ti parí. Nígbà yẹn, àwọn aládùúgbò wa ní Bùnú máa ń tú òwú pupa lára aṣọ òkèèrè, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù, láti fi hun aṣọ ipò, aṣọ iyì tí wọ́n fi ń sin ìjòyè. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìṣẹ́.

Àwa ńkọ́? Ẹ wo inú ọkọ̀ tó ń ti Kàbbà bọ̀. Ìyá fi eyín ya igun ọ̀rá omi, ọmọ mu ún tán, ó na ọ̀rá òfìfo sí i: "Mọ́mì, níbo ni kí n jù ú sí?" Ìyá gbà á, ó jù ú gba ojú fèrèsé, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù. Ọmọ yẹn ò ní béèrè mọ́. Ṣé ìyá burú ni? Rárá o. Òun kan náà ló ń gbálẹ̀ ilé kí ojúmọ́ tó mọ́. Ilé tirẹ̀ ni. Títì kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ní 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá iléeṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wọn ike àti agolo, ìdílé ń gba pọ́ìǹtì lórí fóònù, wọ́n sì ń fi gba oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé. Ilé ẹ̀kọ́ Morit ní Ajégúnlẹ̀ náà gbà kí òbí fi ike òfìfo san lára owó ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan nínú wa á ní ìmọ́tótó kì í ṣe ohun tí à ń sanwó lé: ọjọ́ tí owó bá tán ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Síbẹ̀, àwa náà ta ìgò fún onígò lọ́mọdé, a fi owó rẹ̀ ra gúgúrú, kò bà wá jẹ́. Ohun tí mo rí nínú ti Ajégúnlẹ̀ ni pé ọmọ rí ìyá rẹ̀ tó ru àpò ike wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lójú gbogbo ayé, tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì yọ ọ́ lára gbèsè. Ẹ wá lọ fi ìgò ṣíṣà dẹ́rù ba irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ká wò ó.

Lọ́dọ̀ wa ní Iyah-Gbẹdẹ, ike ò pọ̀ tó ohun tí ọkọ̀ ńlá máa torí rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n a ní èèpo ẹ̀gẹ́. Ẹ dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí: òkìtì rẹ̀ ń rà, ó ń rùn, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ. Àwọn olùwádìí ILRI, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, n'Íbàdàn ti fi hàn pé bí a bá tètè lọ èèpo tútù, tí a fún omi rẹ̀, tí a sá a, oúnjẹ ẹran gidi ni. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ àti èyí tí wọ́n fi ń fún un, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí náà ni wọ́n wà.

Ọmọ tó máa ṣe é ló kù. Ká ní ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó wálé, ó ní òun fẹ́ máa ra èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá, òun fẹ́ fi ṣòwò, kí ẹ̀yìnkùlé wọn sì mọ́. Ìyá rẹ̀ á ní kó kọ́kọ́ jẹun. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tó ná sórí ìwé. Ní tèmi, bí n bá lè kó ara mi níjàánu lọ́jọ́ náà, ohun tí mo fẹ́ bi í ni èló ló máa ra àpò kan, bí a ti ń bi oníṣòwò gbogbo.