Àríyànjiyàn tí Mo Borí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ó rántí pé èmi ni mo borí. Ìbò mẹ́rìndínlógún ni mo fi ju ẹnìkejì mi lọ, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi títí ilé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni bí mo ti ṣe padà sí yàrá mi, àti ìdí tí n kò fi lè sùn. Èyí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Abobo Gare ni a gbé bí mi, ní ẹ̀bá ojú irin tí ó ti Abidjan lọ sí Ouagadougou. Ará Èjìgbò ni bàbá mi, gẹ́gẹ́ bí púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí àwọn ará ìlú yìí ń pè ní Anago. Ìyá mi ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà. Nígbà tí bàbá mi kú, ìwé mẹ́fà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin padà sí ilé láti wá iṣẹ́ ṣe, kò sì pẹ́ tí a fi gbọ́ pé wọ́n ti wọ inú igbó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń wa yẹ̀pẹ̀, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́ lómi, tí wọ́n sì ń ṣa wúrà inú rẹ̀. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni a fi ń san owó ẹ̀kọ́ mi. Òun náà ni a fi ra bàtà tí mo wọ̀ dúró níwájú yín ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún wa ni pé, ó sàn kí a wa ọrọ̀ inú ilẹ̀ jù kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn baba wa ti bá a. Olùkọ́ wa ní kí èmi gbè é, kí ọmọbìnrin kan tí ó ti Gánà wá sì takò ó. Èdè Faransé rẹ̀ kò já gaara nígbà náà. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, àwọn kan nínú yín sì rẹ́rìn-ín. Bóyá ìdajì ìbò mi ni ẹ̀rín yẹn mú wá.

Ìtàn òkè Atewa ni ó sọ. Òkè náà wà ní ìhà ìlà-oòrùn Gánà, igbó dídí ni ó bò ó, ó sì ti tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ìjọba ti dá igbó náà sí. Odò mẹ́ta ni orísun wọn wà níbẹ̀: Densu, Birim àti Ayensu. Densu ni ó ṣàn lọ sínú adágún Weija, tí a ti ń fa omi fún apá kan ìlú Accra. Ní ọdún 2018, ìjọba Gánà bá ilé-iṣẹ́ Sinohydro ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àdéhùn: ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe ọ̀nà, afárá àti àwọn ohun mìíràn tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù méjì dọ́là, a ó sì fi owó bauxite san án padà. Bauxite ni òkúta pupa tí a fi ń ṣe alumíníọ̀mù. Kò rì sínú ilẹ̀ jíjìn bí wúrà ti í ṣe. Orí òkè gan-an ni ó tẹ́ sí bí awọ. Nítorí náà, ẹni tí yóò kó o, àfi kí ó kọ́kọ́ hó igbó orí rẹ̀ kúrò.

Àwọn ará àdúgbò náà kò gbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, àwọn àti ẹgbẹ́ A Rocha Ghana fi ẹsẹ̀ rìn láti Atewa dé Jubilee House, ilé Ààrẹ ní Accra. Ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 95, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n sì fi rìn ín, láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa yìí, tí ó ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin nígbà náà, bá àbúrò ìyá rẹ̀ rìn fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ròrò, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ lọ sílé. Ibi tí ó dé nìyí nígbà tí agogo lù.

Mo dìde. Mo ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo bi yín pé ta ni nínú yín tí ìyá rẹ̀ kò fi ìkòkò alumíníọ̀mù se ọbẹ̀. Mo sọ ti ọ̀nà tí kò sí, ti aboyún tí ó kú kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Níkẹyìn mo tọ́ka sí bàtà mi, mo ní wúrà ni mo wọ̀ sẹ́sẹ̀ yìí, wúrà ni mo fi ń kàwé. Ẹ pariwo. N kò pa irọ́ kan. Títí di òní, mo ṣì gbà pé aláìsàn tí kò rí ọ̀nà gbà dé ilé ìwòsàn ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ igbó fún un.

Nígbà tí gbogbo yín ti jáde, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wí pé, “Anago, odò wo ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń fọ wúrà wọn sí?”

N kò mọ̀. N kò bi wọ́n rí.

Ní oṣù kẹjọ, mo bá ìyá mi lọ sí ilé. Kristẹni ni wá, ṣùgbọ́n ará Òṣogbo ni ìyá ìyá mi, ọlọ́ṣun sì ni wọ́n títí wọ́n fi kú, nítorí náà ìyá mi kì í dé Èjìgbò kí wọ́n má ya Òṣogbo. A wọ Igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí ó kú ní 2009, àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú náà ni wọ́n mọ àwọn ère ńlá inú rẹ̀, tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń gé igi, tí ń ta ilẹ̀. Ẹwà rẹ̀ ju ẹnu mi lọ. Àwọn ọ̀bọ ń fò lórí igi, ibẹ̀ tutù, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n odò náà dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí.

Ìyá mi mú ìgò kékeré kan wá láti bu omi fún ẹ̀gbọ́n wọn tí ó wà ní Abobo. Wọ́n bu ú, wọ́n gbé e sókè kí oòrùn lè là á kọjá, oòrùn kò sì là á. Obìnrin kan tí ó wà nítòsí sọ fún wa pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti kìlọ̀ láti ọdún 2022 pé kí a má mu omi náà, nítorí ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò, ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Ìyá mi dé ìgò náà, wọ́n fi gèlè nù ún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bi mí pé, “Níbo gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà?”

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ará Gìní àti Làìbéríà, àti ẹ̀yin onílé wa tí ẹ ti Danané wá, ẹ ti sọ ti òkè Nimba fún mi, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kì í yé ẹyin, ọmọ ni ó ń bí. Ìhà Làìbéríà ni a ti wa irin títí di 1989. Láti 1992 sì ni UNESCO ti ka apá Gìní àti ti Côte d'Ivoire mọ́ àwọn ibi tí ó wà nínú ewu, nítorí irin kan náà. Ọmọ Gánà wa sì ti parí ọ̀rọ̀ tí agogo gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ní 2019 wọ́n gbẹ́ ihò ìdánwò káàkiri orí Atewa, pé ní 2020 ni a gbé ìjọba lọ sí kóòtù, àti pé ní 2021 àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bí BMW àti Tetra Pak sọ gbangba pé àwọn kò fẹ́ alumíníọ̀mù tí ó bá ti ibẹ̀ wá. Bí mo bá ti mọ èyí ní alẹ́ ọjọ́ náà ni, n kì bá tí ṣe àfiwé ìkòkò ìyá mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo ń kọ́ ọ ní Faransé lábẹ́ igi máńgòrò. Olùkọ́ wa ti gbà pé ní sáà tí ń bọ̀ a ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí a pààrọ̀ ìhà. Òun ni yóò gbè é. Ó ti ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ aboyún àti ọ̀nà. Mo sì bẹ̀rù pé yóò borí.

Mo kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ti ìgò ìyá wa, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúrò nínú igbó náà. Èsì wọn kúrú: “Mo ti gbọ́. Èwo ni kí n ṣe, kí n padà wá máa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ní Adjamé? Owó ẹ̀kọ́ rẹ ti sáà yìí nìyí. Bá mi kí ìyá wa.”

Owó náà dé ní ọjọ́ Ẹtì, mo sì san án fún akọ̀wé ní ọjọ́ Ajé. Ìwé ẹ̀rí owó wà nínú àpótí mi pẹ̀lú lẹ́tà náà, tí n kò tíì dá èsì rẹ̀ padà.