Ìjíròrò Lórí Eré Tí Ìjọba Fòfin Dè

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Bàbá, ní ilẹ̀ South Africa tí mo ti ń bọ̀ yìí, wọ́n ròyìn eré Afrikaans kan fún mi, Die Pluimsaad Waai Ver, tí akéwì wọn, N. P. van Wyk Louw, kọ fún ayẹyẹ ìjọba olómìnira (Republic) wọn lọ́dún 1966. Ogun àwọn Bóà àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá lé, ṣùgbọ́n nítorí pé ó béèrè ohun tí í sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹ̀yà kan, tí kò fi ìyìn nìkan bo ìtàn mọ́lẹ̀, Verwoerd tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà bẹnu àtẹ́ lù ú ní gbangba.

ONÍLÉ: Ọmọ mi, àwọn tí òfin wọn nígbà náà kò ka aláwọ̀ dúdú mọ́ ọmọ ìlú, báwo ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní í ká wọn lára? Ọ̀rọ̀ tí í yọ obì lápò nìkan ni aláṣẹ ń fẹ́ gbọ́. Ṣé o gbọ́ ti Yorùbá Ronú?

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Orin rẹ̀ ni mo mọ̀.

ONÍLÉ: Eré ni, kí ó tó di orin ẹnu gbogbo ayé. Lọ́dún 1964, nígbà tí Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, tí ilé Yorùbá sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ọlọ́pàá tó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ di baba àwọn òṣèré, gbé ìtàn Ọba Fíwájoyè jáde, ẹni tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tó fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Akíntọ́lá, igbákejì Awólọ́wọ̀ tẹ́lẹ̀, bá kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé kò bófin mu.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ṣé òfin náà dé ọ̀dọ̀ yín?

ONÍLÉ: Ó dé Muṣin níhìn-ín, kò dé Yaba. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Yaba àti Sùúrùlérè wà nígbà náà, ṣùgbọ́n abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Muṣin wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ará ọjà kan náà ni wá, síbẹ̀ eré tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ aládùúgbò wa lápá ọ̀hún di èèwọ̀ fún wa lápá ìhín. Ògúndé fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣeré ní Òsósà, níbi tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́!

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ṣùgbọ́n ìbínú aláṣẹ a máa fi kún òkìkí eré.

ONÍLÉ: Òkìkí kì í ra epo sí ọkọ̀ òṣèré. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Oǹdó, níbẹ̀ ni owó ẹnu ọ̀nà ti ń wọlé. Ẹni tó ti ìlú wọ̀nyẹn mọ́ òṣèré, ọ̀nà ọ̀fun ló dí. Síbẹ̀ kò panu mọ́: eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, ló fi dá wọn lóhùn. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966, tí Fájuyì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

ARÌNRÌN-ÀJÒ: Ẹ rò pé ìfẹ́ ni Ògúndé fi bá Yorùbá wí?

ONÍLÉ: Ìfẹ́ ni. Ẹni tó kórìíra ìran kan kò ní í gbà á níyànjú pé kí ó ronú. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwo orin yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ fi mọ̀ ọ́n, wọn kò rí ọba náà rí, wọn kò rí ọ̀dàlẹ̀ náà rí. Odindi eré náà ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé padà, pẹ̀lú ìlù àti ijó rẹ̀, kí wọ́n sì fi Muṣin ṣíde.