Mánúà àti Ọ́tò Lójú Ọ̀nà Òpèbí

Gíà ló ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún táyà. Nínú mánúà, ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ ló ń fa ọ̀pá gíà. Nínú ọ́tò, ọ́ìlì ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń yan gíà. Ọ́tò kì í ṣe nǹkan tuntun: ọkọ̀ Oldsmobile ti 1940 ti ní i ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, mánúà ni ọ̀pọ̀ danfo, bọ́ọ̀sì èrò Èkó, ń lò.

Danfo tí ará Ìkẹjà mọ̀ dunjú ni Volkswagen Transporter tó jáde ní 1979. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, nítorí náà irin gíà ní láti gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti ọ̀dọ̀ awakọ̀ títí dé ìdí. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn a máa jẹ búṣì irin yìí. Bó bá ti jẹ ẹ́ tán, àlejò kò ní rí gíà kìíní mọ́ láéláé; dírẹ́bà tó ni ín, bó bá ń sùn pàápàá, á rí i.

Títì Òpèbí, ní Ìkẹjà, ní ọ̀dà; súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wàhálà rẹ̀. Níbẹ̀, ọ́tò ló borí, nítorí ẹsẹ̀ òsì sinmi. Ẹni tó bá ń fi kílọ́ọ̀ṣì di mánúà mú níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dípò bíréèkì ń jó kílọ́ọ̀ṣì náà ni, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ á kìlọ̀. Ọ́tò kì í sábà kìlọ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ ń gbóná bí èrò ṣe kún, ó ń dúdú, ó di ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ láti gbéra kí ọlọ́kọ̀ tó mọ̀.

Lójú títì tí tírélà ti gbẹ́ sí kòtò, tàbí ní ẹ̀yìn Agége lẹ́yìn òjò, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Ọ́tò máa ń wọ kòtò jẹ́jẹ́ láìkú, nígbà tí mánúà tí kò ní ọ̀gá lórí á jà gìrì, á sì kú. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, gíà kejì mánúà kì í sábà jẹ́ kí táyà máa yí lásán. Páànù ọ́ìlì ọ́tò rọ̀ sábẹ́. Bí òkúta bá gún un, ìrìn ọjọ́ náà parí. Bí bátìrì mánúà bá kú, kọ́ńdọ́ àti èrò méjì á tì í, á jí. Wọn kì í ti ọ́tò jí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wọ́ ọ lórí táyà tí gíà ń yí.

Àtúnṣe ló wá pín wọn níyà. Mẹkáníìkì lè pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì láàárín ọjọ́ kan. Gíà ọ́tò tó bá bàjẹ́, òdidi tòkunbọ̀ ni wọ́n sábà ń rà ní ọjà Ládípọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ilé-iṣẹ́ ní òpópónà Ọba Akran tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò lè fi ọ́tò kó òṣìṣẹ́. Dírẹ́bà tó gbọ́dọ̀ san owó ọlọ́kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò lè fi ọ̀sẹ̀ kan dúró de gíà.