Ẹsẹ̀ Kejì Agbábọ́ọ̀lù

Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ràn jù. Òun ló máa ń nà sí bọ́ọ̀lù kó tó ronú rárá, òun ló fi ń gbá pẹ́náritì, òun náà ló sì ń sá tọ̀ nígbà tí ojú bá pọ́n ọn. Ẹsẹ̀ kejì wà níbẹ̀, ó ń sáré, ó ń fò, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í sábà kàn án. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí Ife Àgbáyé ọdún 1998 nílẹ̀ Faransé fi hàn pé nǹkan bí mẹ́rin nínú agbábọ́ọ̀lù márùn-ún ló jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí láàárín àwọn tí kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ìwádìí náà tún fi hàn pé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá kì í fẹ́ lo ẹsẹ̀ kejì bí wọ́n bá rí ọ̀nà yẹra fún un. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá lò ó, iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbẹ̀rù tó wà lórí ẹsẹ̀ náà ju àṣìṣe rẹ̀ lọ.

Inú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló sì ń darí ẹsẹ̀ òsì. Ọmọdé tó ń gbá fẹ̀lẹ́lẹ̀ ní àdúgbò máa ń fi ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ yá a lára gbá a. Bó ṣe ń gbá a ni ẹsẹ̀ yẹn ń kẹ́kọ̀ọ́, bó sì ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ló túbọ̀ ń wù ú láti lò. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹsẹ̀ kan ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kọ́, èkejì kò tíì gba nǹkan kan. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbé ọmọ náà gun àkàsọ̀, tó sì ń gbé e sáré lọ sílé ẹ̀kọ́, nítorí náà kì í ṣe agbára ni èyí tí wọ́n ń pè ní aláìlágbára kò ní. Wọn kò kọ́ ọ ni. Nínú ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá, wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ọmọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Kò sẹ́ni tó ka irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ẹsẹ̀ òsì lórí, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti di bárakú lágbára bí èèwọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ọ̀tún bá ń gbá, òsì ló dúró. Òun ló gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, tó kọ ìka sí ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, tó tẹ orúnkún díẹ̀, tó sì gbé gbogbo ara. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀tún ti mọ gbígbá, òsì ti mọ dídúró. Lọ́jọ́ tí agbábọ́ọ̀lù bá pààrọ̀ wọn, iṣẹ́ àjèjì ni méjèèjì ń ṣe. Bọ́ọ̀lù a fò lọ sókè, wọ́n á sì máa bá ẹsẹ̀ òsì wí, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún tó gúnlẹ̀ jìnnà sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tó sì jẹ́ kí àyà agbábọ́ọ̀lù fà sẹ́yìn, ló jẹ̀bi. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá mọ èyí máa ń kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ tó dúró kó tó wo èyí tó gbá.

Ìpalára tó wà nínú gbígbára lé ẹsẹ̀ kan kì í pẹ́ hàn. Bí alátakò bá ti rí i pé ọ̀tún nìkan lẹnìkan ń lò, yóò dí ọ̀nà ọ̀tún pa, yóò sì ṣí ọ̀nà òsì sílẹ̀ fún un, torí ó mọ̀ pé kò ní rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí òsì rẹ̀ níwájú àwọ̀n, yóò kọ́kọ́ yí i sí ọ̀tún kó tó gbá a. Ìwọ̀nba àsìkò tó fi yí i ti tó kí aṣọ́lé jáde sí i, ó sì ti tó kí ẹlòmíràn na ẹsẹ̀ dí i. Ẹni tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ òsì pápá, tí kò lè fi òsì gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín, gbọ́dọ̀ dúró kó yí padà, àwọn tó ń sáré bọ̀ wá pàdé bọ́ọ̀lù náà yóò sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ricardo Quaresma, ọmọ Portugal, wá ọgbọ́n dá sí i: ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń fi òsì ṣe, irú rẹ̀ ló sì fi gbá ayò wọlé Iran ní Ife Àgbáyé 2018. Ọgbọ́n tó rẹwà ni, ṣùgbọ́n ó nira ju kíkọ́ ẹsẹ̀ òsì lọ.

Òótọ́ ni pé àwọn kan fi ẹsẹ̀ kan di ìlúmọ̀ọ́ká. Òsì ni Ferenc Puskás fi fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn mọ́ Billy Wright, balógun England, lẹ́sẹ̀, kó tó gbá a sáwọ̀n ní Wembley lọ́jọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1953, nígbà tí Hungary na England ní ayò 6 sí 3. Òsì ni Diego Maradona fi gbé bọ́ọ̀lù láti ìdajì pápá tirẹ̀ kọjá lára àwọn ará England ní Ife Àgbáyé 1986. Nígbà tí Arjen Robben ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún Bayern Munich, gbogbo ayé ló mọ̀ pé yóò gé wọ àárín sí òsì rẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í rí i dá dúró. Òsì yẹn ló sì fi gbá ayò tó gba ife Champions League fún Bayern ní ìṣẹ́jú 89 lọ́dún 2013. Ẹ̀bùn àwọn wọ̀nyí pọ̀ débi pé ó bo àléébù náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, àwọn yìí ló sì pọ̀ jù lórí pápá, kò ní ohun tí yóò fi bo tirẹ̀.

Àwọn mìíràn yan ọ̀nà kíkọ́. Andreas Brehme, ọmọ Jámánì, fi òsì gbá pẹ́náritì rẹ̀ wọlé Mexico lọ́dún 1986, ó sì fi ọ̀tún gbá èyí tó fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Ife Àgbáyé lọ́wọ́ Argentina ní Róòmù lọ́dún 1990. Son Heung-min, ọmọ South Korea, jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, tí òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù rí, kọ́ ọ láti kékeré pé kó máa fún òsì láǹfààní. Ní sáà 2021 sí 2022, ó gbá ayò 23 wọlé nínú Premier League: 12 pẹ̀lú òsì, 11 pẹ̀lú ọ̀tún, láìsí pẹ́náritì kan nínú rẹ̀. Ademola Lookman, tí àwọn òbí rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà bí sí Wandsworth ní London, fi irú ẹ̀kọ́ yìí hàn ní Dublin lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nínú àṣekágbá Europa League. Bayer Leverkusen ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìfìdírẹmi, ṣùgbọ́n ayò mẹ́ta ni Lookman nìkan gbá wọlé wọn fún Atalanta. Èkejì, ọ̀tún ló fi yí i sí igun àwọ̀n. Ẹ̀kẹta, ó ré ẹni tó dojú kọ ọ́ lọ sí òsì, ó sì fi òsì náà gbá a mọ́ òkè àwọ̀n. Ẹni tó ń ṣọ́ irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kò mọ ọ̀nà tí yóò dí. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó yẹ owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù wò pàápàá rí i pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń gbà ju àwọn yòókù lọ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí náà ó dára kí ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ kejì tètè bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbà náà lè kọ́ ọ. Ìdúró ló ṣáájú: kí ọmọ fi ẹsẹ̀ tó lágbára nìkan dúró títí tí ara rẹ̀ kò fi ní mì mọ́. Lẹ́yìn náà ni ògiri. Kó dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ kejì gbá bọ́ọ̀lù lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó sì máa fi ẹsẹ̀ kan náà gbà á padà. Bí èyí bá ti mọ́ ọn lára, kó to òkúta sílẹ̀, kó máa fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan da bọ́ọ̀lù gba àárín wọn. Kó tún máa ta á sókè láìjẹ́ kó balẹ̀. Gbígbá tipátipá sáwọ̀n ló kẹ́yìn, torí ẹni tó bá fi ipá bẹ̀rẹ̀ yóò kọ́ àṣìṣe mọ́ra. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju odidi ọ̀sán kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ń gbá mọ́ńkí-pọ́ọ̀sì, kí wọ́n fi í ṣòfin pé ayò tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ kejì gbá nìkan ni wọn yóò kà, kí ẹsẹ̀ náà lè kọ́ bó ṣe ń rí nígbà tí ẹlòmíràn ń lé e bọ̀.

Ọ̀pọ̀ òbí àti kóòṣì ń bẹ̀rù pé àsìkò tí ọmọ bá lò lórí òsì yóò dín ọ̀tún kù. Ìwádìí kan láti Norway, tó jáde lọ́dún 2003, tú ìbẹ̀rù yìí ká. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 21 lo ẹsẹ̀ kejì nínú ìgbaradì wọn, àfi nígbà tí wọ́n bá ń gbá ìdíje gan-an. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ẹsẹ̀ kejì ti dára sí i, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ náà sì ti dára sí i. Kò sì yani lẹ́nu: ọ̀tún tó ń kọ́ dídúró ń kọ́ ìdúróṣinṣin, ọkàn tó ń ronú lórí bí òsì ṣe ń gbá a sì ń mọ ohun tí ọ̀tún ti ń ṣe tipẹ́ láìmọ̀dí. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ tó fi òsì gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé aládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n bá a gbé bọ́ọ̀lù náà padà, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀tún rẹ̀ gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n sì ní kó fi òsì gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i.